Èmi ni mo béèrè pé "Ta ni Agnes?"

Ojú ń tì mí lónìí, ẹkún ò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Kí n tó kó wá sí Dagenham ní London, abúlé kékeré kan ní Scotland ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣì wà nínú gúrúùpù WhatsApp wọn.

Láàárọ̀, pásítọ̀ wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé Agnes ti kú. Mo tẹ "RIP Agnes", mo bá tèmi lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìtajà Vicarage Field.

Lọ́sàn-án, Fiona tó ni ṣọ́ọ̀bù abúlé pè mí.

"Ṣé o máa lè wá sìnkú Agnes?"

"Ẹ̀yà, mo rí i. Ta tiẹ̀ ni Agnes?"

Ó wá ní, "Mama ni. Mama tìẹ."

Yéè! Mama tí ilé wọn kọjú sí tèmi! Mama tó hun súwẹ́tà fún ọmọ mi nígbà tí òtútù fẹ́ pa wá!

Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo ti ń pè wọ́n ní Mama. Ta ló ń bi àgbàlagbà pé kí lorúkọ yín? Nígbà tó yá, gbogbo abúlé ń bá mi pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ní ó dàárọ̀, Mama náà á pariwo látẹnu ọ̀nà wọn pé, "Ó dàárọ̀ o!"

Mo ti pa "RIP Agnes" rẹ́. Mo kọ "Ó dàárọ̀ o, Mama" dípò ẹ̀.

Òyìnbó ni gbogbo wọn. Ẹnì kan ò béèrè ìtumọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Màmá tí ẹ ń kí lójoojúmọ́ yẹn, kí lorúkọ wọn?