Ìwé Ìtọ́jú Alágẹmọ Tí Mo Kọ fún Mádàámù

Òórùn yàrá sáyẹ́ǹsì yẹn kò tíì kúrò ní imú mi títí di òní: òórùn sípíríìtì, òórùn ewé tútù, àti òórùn eruku tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ lára gílóòbù. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ni, ní Accra, kò jìnnà sí Circle. Bí a bá ṣí fèrèsé, a máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ tirotíró. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni láti fọ ìgò, láti to irinṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, àti láti tọ́jú àwọn ẹranko tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń sìn. Mádàámù ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ náà. Ọmọ Ghana ni, ó ti kàwé dé òkè òkun, òun ló sì mú mi wọṣẹ́. Bí mo bá sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn obìnrin náà, má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti ń rìn bí ó ṣe ń rìn, mo sì ń di irun mi bí ó ṣe ń di tirẹ̀.

Inú ẹrù iṣu ni alágẹmọ náà bá dé ìlú. Awakọ̀ kan tó já iṣu sílẹ̀ ní ọjà Agbogbloshie ló rí i lórí ewé gbígbẹ tí wọ́n fi bo ẹrù, ó sì gbé e wá fún Mádàámù nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi kan lọ. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, “Má gbé e wọ ilé mi o. Ohun tó ń fi ojú kan wo iwájú, tó ń fi ìkejì wo ẹ̀yìn, kí ló ń wá kiri?” Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni bàbá mi, èmi nìkan sì ni ọmọ tó yè fún wọn. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń bi mí bí ilé ẹranko náà ṣe máa ga tó.

Mo ní ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra. A ti ní alágẹmọ kan rí, ó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Inú àpótí dígí ńlá kan la fi í sí, lẹ́bàá fèrèsé, a rò pé oòrùn tó ń gba inú dígí wọlé ti tó o. Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tẹ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì rọ̀ débi pé kò lè mú eéṣin mọ́. Mádàámù lọ ka ìwé, ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ìtànṣán oòrùn, ọ̀kan wà tí ojú wa kò rí, òun ló ń mú kí egungun alágẹmọ le. Dígí kì í sì jẹ́ kó kọjá. Ìmọ́lẹ̀ lásán la ti ń fún ẹranko náà, a sì tún ń fi dígí sè é bí ẹ̀wà.

Nítorí náà, igi àti nẹ́ẹ̀tì wáyà ni bàbá mi fi kan ilé tuntun yìí, kò sí dígí níbi kankan lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń gbé e síta sí abẹ́ igi máńgòrò, ìdajì nínú oòrùn, ìdajì lábẹ́ òjìji, kí alágẹmọ fúnra rẹ̀ lè yan ibi tó wù ú. Bí òjò bá ń rọ̀, a tan ọ̀pá iná kan tí Mádàámù mú bọ̀ láti òkè òkun, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí egungun rẹ̀ kò le. Ti ooru ló gba ọgbọ́n jù. Òkè nẹ́ẹ̀tì, níta, ni a so gílóòbù kékeré náà sí, ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo, kí ìpẹ̀kun kejì lè tutù. A kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú. Alágẹmọ kì í tètè mọ̀ pé iná ń jó òun. Yóò dúró tì í, yóò máa yá a, títí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi bó. Bí mo ṣe ń wọn ooru náà ni pé mo ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dé, mo sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ọgbọ̀n. Bí ó bá ta mí kí n tó kà á tán, gílóòbù ti sún mọ́ ọn jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo pa gbogbo iná, nítorí alágẹmọ kì í sùn nínú ìmọ́lẹ̀. Ìyá mi a ní, “Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ìwọ lo wá sọ ara rẹ di ìyá rẹ̀.”

Bí a ṣe wà nìyẹn tí rédíò fi kéde pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Bàbá mi ti wà ní Accra kí wọ́n tó bí mi. Kò sígbà kan tó ronú ìwé. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìwé ṣe níbi tó ti kan ilẹ̀kùn fún ìdajì àdúgbò? Ní ti èmi, Accra ni wọ́n bí mi sí, èdè Gã dùn lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n Alata, ìyẹn àlejò láti Nàìjíríà, ni wọ́n ń pe àwa náà, mi ò sì ní ìwé kankan tó sọ nǹkan mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mádàámù fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, “Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ilé ẹ̀kọ́ máa kọ lẹ́tà pé a nílò rẹ, wọ́n á fún ọ níwèé. Fi í sílẹ̀ fún mi.” Ó wá ní kí n kọ gbogbo bí mo ṣe ń tọ́jú alágẹmọ náà sínú ìwé kan, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè rí i pé iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kàn lè ṣe. Mo fi ayọ̀ kọ ọ́. Mo ya àwòrán ilé náà, mo kọ wákàtí tí ọ̀pá iná ń wà ní títàn, mo kọ bí a ṣe ń wọ́n omi sí ewé kí ó lè lá a.

Nílé, bàbá àti ìyá mi ti pinnu pé àwọn ń lọ, kí èmi dúró gba ìwé mi. Kí wọ́n tó di ẹrù, wọ́n ní dandan ni kí àwọn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mádàámù. O mọ̀ wá: a kì í dúró kí oore dé ilé kí a tó dúpẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta ìkéde, ìyá mi mú aṣọ méjì tó dára jù nínú ìsọ̀ rẹ̀, bàbá mi wọ agbádá, mo sì mú wọn lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Ìyá mi kúnlẹ̀. Bàbá mi, àgbàlagbà, dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí kò tó ẹni ogójì ọdún. Mádàámù fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà, ó ní, “Medaase, medaase,” ó ń dúpẹ́ padà lọ́wọ́ wọn. Bí a ṣe ń padà sílé, bàbá mi ní ọkàn òun ti balẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba ọpẹ́ ti gba ẹrù náà rù nìyẹn, a kì í tún béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ kẹwàá. Orúnkún ìyá mi ti wú. Àwọn àjèjì ni wọ́n tì í lẹ́yìn kó tó lè gun lọ́rì náà, nítorí èmi ti sọ pé mo gbọ́dọ̀ tètè lọ tan iná fún alágẹmọ. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá onílé wa pé kí n ṣì máa sùn nínú yàrá wa títí ìwé mi yóò fi dé.

Ọjọ́ kejìlá, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá ọmọbìnrin kan nínú yàrá sáyẹ́ǹsì tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mi. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òwúrọ̀ tutù, ó sì ti gbé gílóòbù sínú ilé alágẹmọ kí ara ẹranko náà lè móoru. Alágẹmọ náà rọ̀ mọ́ ọn gírígírí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti dúdú. Mo yára pa iná, mo yọ gílóòbù náà, mo so ó padà sókè níta. N kò tíì bi í pé ta ni. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà sábẹ́ gílóòbù, mo ní kó máa kà á. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó kà á dé ọgbọ̀n, ó ní, “Ẹ ṣeun, àǹtí. Eléyìí kò sí nínú ìwé tí ẹ kọ fún mi.”

Mo ní, “Ìwé wo?”

Ó fi ìwé mi hàn mí. Wọ́n ti fi bébà bo orúkọ mi ní iwájú rẹ̀, wọ́n sì ti kọ tirẹ̀ sí i. Ó ní, “Mádàámù ni àbúrò ìyá mi. Wọ́n ní ẹ ti sọ fún àwọn tipẹ́ pé ẹ ń lọ sílé lọ ṣègbéyàwó. Ẹ kú oríire o, àǹtí.” Inú rẹ̀ dùn sí mi tọkàntọkàn.

Mádàámù wọlé bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà lọ já ewé wá. Mo bi í pé, “Mádàámù, lẹ́tà mi ńkọ́?”

Ilé alágẹmọ ló ń wò, kò wo ojú mi. “Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní òun kò ní kọ ọ́ fún àlejò kankan.”

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọjọ́ tí mo sọ fún ọ gan-an ni, lọ́sàn-án.”

“Kí bàbá àti ìyá mi tó wá kí yín?”

Ó ní, “Kí wọ́n tó wá.” Ó tún ní, “Wọ́n kúnlẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó kúnlẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ẹranko náà kú.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí mi gan-an. Ìbẹ̀rù rẹ̀ yé mi; ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ̀rù nígbà yẹn, kò sì sí òfin tó ní kó tìtorí mi kó sínú wàhálà. Bí ó bá ti sọ pé rárá lọ́jọ́ tó gba aṣọ yẹn, ǹ bá ti di ọwọ́ ìyá mi mú gun lọ́rì. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ìtọ́jú alágẹmọ má bàa já. Èmi nìkan ni mo dá rìn dé ẹnubodè, mo dúró nínú ọkọ̀ ẹran láàárín àwọn tí n kò mọ̀ rí. Òṣogbo ni mo bá àwọn òbí mi, ọ̀pá ni ìyá mi fi ń rìn, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, oníṣòwò kan mú lẹ́tà wá láti Accra. Mádàámù ló kọ ọ́. Ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi, ó kí wa títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti sọ pé wọ́n rí akọ fún alágẹmọ náà, ó ti yé ẹyin, ẹyin ti pa, àwọn ọmọ náà sì ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Báwo ni ooru wọn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Wákàtí mélòó ni kí ọ̀pá iná fi wà ní títàn fún èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Ọjọ́ kẹrin, mo jókòó, mo kọ èsì. Mo ní kí wọ́n fi gílóòbù tó kéré ju ti ìyá wọn lọ, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí i. Kí oòrùn àárọ̀ wọn má pẹ́, kí òjìji má wọ́n wọn. Mo kọ ohun tí mo mọ̀ láìku ẹyọ kan, nítorí àwọn ọmọ alágẹmọ kò ṣẹ̀ mí.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó ní kí n kà á sí òun létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo kà á tán, ó ṣì tẹ́tí, ó rò pé ó kù. Ó ní, “Ibo lo ti kí i?”

Mo ní, “Mi ò kí i, Màámi.”

Láyé ìyá mi, kò sí ẹni tí a kì í kí. Ó máa ń kí ẹni tó jà á lólè kó tó pariwo lé e lórí. Ó wò mí títí, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.”