Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Igbó Bàbá Wa

N kò ní gbàgbé ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gé igbó ẹ̀yìnkùlé Bàbá wa n'Iléṣà.

Bàbá ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi. Ojú mi ni koríko fi kọ́kọ́ hù, tí igbó bò ó, kí ìrókò tó yọrí, tí ẹyẹ lóríṣiríṣi ń sùn síbẹ̀.

Nígbà tí ìrántí Bàbá ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n mi kó agégedú dé láti Òṣogbo.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó ní, "Kí àlejò lè sọ pé ilé wa ti dahoro?"

Ìrókò wó, àwọn ẹyẹ ń ké lókè wa. Inú bí mi, n kò jẹun ìrántí náà.

Koríko èkan nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó lánàá, ó ní, "Ṣé o rí i, gbogbo ẹ̀ ti dọ́gba."