Ìwé Tí Wọ́n Pa Àgbò Fún

Kò sí Yorùbá kan láti Glenn Dale títí dé Landover, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, tí kò gbọ́ nípa àgbò tí olóògbé Táòfíkì pa nítorí ìwé rẹ̀. Ọdún 1994 ni. Oko kan ní Accokeek ló ti rà á, àgbò tí ìwo rẹ̀ nìkan tó gbé agbádá kọ́. Ó pe ìdajì mọ́sáláṣí, ó ní ìkómọ ni. Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bọ̀ ni, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ewu ọmọ. Òun náà yẹ ikùn ara rẹ̀ wò, bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tí wọn ò sọ fún òun.

"Ọmọ náà dà?" ni Àfáà Nasir bèèrè.

"Ìwé ni," ni Táòfíkì wí. "Ìtàn àròsọ. Ẹ bá mi sọ ọ́ lórúkọ, kójú lè tì mí débi tí n ó fi kọ ọ́."

"Ojú ìwé mélòó lẹ ti kọ?"

"Ó ṣì wà nínú."

Àfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Aláàjì, a kì í sọ oyún lórúkọ. Ṣùgbọ́n a lè jẹ àgbò."

Nígbà èwe rẹ̀ ní Ìbàdàn, Táòfíkì a máa kọ ìtàn sínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn a sì máa retí rẹ̀. Ó dé Amẹ́ríkà, bílì gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. "Gègé mi ò sọnù o," ni yóò máa wí, "ófátáìmù ló lọ." Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kó tó kú: kó tún rí ìtàn ara rẹ̀ kan lórí ìwé, èyí tó parí. Ìtàn náà sì wà nínú rẹ̀ digbí: Mùlíkàt, ọmọbìnrin kan tó ru iyọ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀, tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà.

Tábìlì ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ó ní òǹkọ̀wé gidi kì í kọ̀wé lórí tábìlì ọbẹ̀. Ó ra ràgàjì kan lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń kógbá wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà, ó bá gbé e sí gáràjì, ọkọ̀ Sẹ̀kínát wá ń sùn níta. Yìnyín ọdún yẹn bọ́ bí ẹni pé ọkọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n rán an sí. Kó tó di pé òtútù lọ, iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo ti gba orí tábìlì. Táòfíkì dúró, ó wò ó títí. "Ó kéré tán," ó ní, "nǹkan kan ti wà lórí rẹ̀."

Ó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú Abdulwahab, àbúrò rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, pé òun ò ní fẹnu kan ẹran títí òun yóò fi parí orí kìíní. Kò pẹ́, ó ní adìẹ kì í ṣe ẹran, ẹyẹ ni. Ó ní ṣàkì kì í ṣe ẹran, àpò oúnjẹ màlúù ni. Níjọ́ tí Abdulwahab ká a mọ́ ìdí ìkòkò, itan ewúrẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Táò, èyí ńkọ́?"

"Ìwádìí ni mò ń ṣe. Mùlíkàt máa jẹ ẹran ní orí kejì."

"Ẹ ò tíì kọ orí kìíní."

"Ìdí tébi fi ń pa á nìyẹn."

Ó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ géètì níbi ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, ó ní ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ ló lè kọ̀wé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tírélà èyíkéyìí tó bá dúró, ó di dandan kó gbọ́ nípa Mùlíkàt. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tírélà tò dé títì. Ọ̀gá rẹ̀ fìbínú jáde wá wo ohun tó dá wọn dúró. Òun náà dúró.

"Ẹ ti fi ẹnu ná an tán," ni Sẹ̀kínát wí. "Kí lẹ fẹ́ fi kọ?"

"Ìyá Inaayah, òtítọ́ lo sọ. Ọ̀lẹ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mí. Bí mo bá jẹ́ ọ̀lẹ tó yadi, ǹ bá ti kọ̀wé mẹ́wàá."

Lọ́dún 1998, ọkàn rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Sẹ̀kínát tẹnu iṣẹ́ wá bá a, ó mú bébà dání.

"Ẹ máa sọ ọ́, n ó máa kọ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Mùlíkàt ru iyọ̀, ojú ọ̀run ṣú, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn. Ìgbà tí Sẹ̀kínát yóò fi lajú, gègé ti bọ́ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìtàn tó ń kun nọ́ọ̀sì lóorun. Ilé oògùn ló yẹ kí wọ́n ti máa tà á."

"Ẹ má bínú. Ẹ máa bá a lọ."

"Sùn, jàre. Òjò náà ò tíì dá."

Ó kú kí Jímọ̀ tó dé.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún, ìtàn Mùlíkàt sì di àríyànjiyàn.

"Iyọ̀ yẹn yọ́ tán létí odò," ni Abdulwahab wí. "Èmi ló sọ ọ́ fún."

"Ohun tó sọ fún mi ni pé ó sá sábẹ́ igi," ni Àfáà Nasir wí.

Inaayah ọmọ Táòfíkì, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, gbórí sókè. "Dádì sọ fún mi nínú mọ́tò pé ó wọ bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì wo? Ayé àtijọ́ mà ni," ni Abdulwahab wí.

"School bus, sir."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Àfáà fi ṣí fìlà. Sẹ̀kínát gbé abọ́ oúnjẹ jáde láti kíṣìnnì, gbogbo ojú sì yí sí i.

"Ìyá Inaayah, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ṣé ọmọ yẹn délé?" ni Àfáà bèèrè.

Sẹ̀kínát rántí pé oorun ti gbé òun lọ. Ó sọ abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó délé," ó ní. "Òjò dá. Ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, iyọ̀ náà sì gbẹ."

Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.