Ewé Ni Mo Rò Pé Mo Sọ Sí Ewúrẹ́ Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Kogi, ewé eéran ni ìyá mi fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Èmi ni mo máa ń já a wá létí odò. Bí a bá jẹun tán, a ó sọ ewé sójúde, ewúrẹ́ á sì ti gbé e mì. Ta ló ń gbálẹ̀ nítorí ewé nígbà yẹn?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ọwọ́ bá kọ́ ní kékeré, kì í gbàgbé. Ìlú Orozo ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló ń sè tà, inú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù ló sì ń bù ú sí. Abo ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi àgbàyà tí ojú ń ṣe bàìbàì, bí mo bá jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tán, mo máa ń sọ ọ̀rá sí i bí ẹni sọ ewé. Òórùn epo ń fà á, ó ń gbé e mì, inú mi sì ń dùn.

Ikùn rẹ̀ wú, mo ní oyún ìbejì ni. Nígbà tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, a pe alápatà kó wá dú u kó tó kú. Ó la inú rẹ̀, ó ń fa ọ̀rá, kò tán. Ó fi èdè tirẹ̀ bá mi kẹ́dùn, ó ní, “Kai! Màmá, sànnu.” Kò sí oyún kankan níbẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á.

Mo bẹ ọmọ mi pé kó padà sí ewé. Kò bá mi jiyàn. A jọ rìn dé etí odò tó wà nítòsí wa níbí, ilé ti kún ibẹ̀. Ó lọ sọ́jà, ó rí ewé díẹ̀ tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti gbẹ, ó ti ya, inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n sì dì í sí.

“Màmá, ẹ wò ó,” ló wí, “èyí ò lè pọ́n mẹ́wàá.”

Mo ní kó máa bá ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ yìí náà ló fi ń bọ́ mi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn àgbà ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ, ká dárí ji ewé. Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀rá. Mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tán láàárọ̀ yìí, mo wo ojúde títí, mi ò mọ ibi tí mo lè sọ ọ̀rá rẹ̀ sí. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.