Àmì Kan Lórí Ìyà

Mo ti na ọmọ ọlọ́mọ rí nítorí àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn. Tíṣà Yorùbá ni mí nílé ìwé kan ní Ṣómólú, kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa kọ ọ̀rọ̀ fún olóṣèlú. Ọmọ tó bá kọ "ọkọ" láì fàmì sí i, màá bi í bóyá ọkọ ìyá rẹ̀ ni àbí ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń roko. Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á sunkún. Ọlọ́run kò gbàgbé omijé kankan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì là ń pe olóṣèlú tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti gbẹ̀bí fún àìmọye obìnrin ní Bàrígà kó tó di kánsẹ́lọ̀, òun nìkan ṣoṣo sì ni ẹgbẹ́ alátakò ní nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì gọ́tà, á dìde: "Abẹ́rẹ́ tó ti tán nílé ìwòsàn ńkọ́?" Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò tuntun, á tún dìde: "Àwọn arúgbó tí kò lọ́mọ ńkọ́?" Wọ́n ń pè é ní Ìyáàfin Ńkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi gan-an máa ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá dùn.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, inú rẹ̀ kò dùn. Ìgbìmọ̀ fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà létí ọ̀sà ládùúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà pa, kí wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó. Wọ́n fi Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu aráàlú. Bí àwọn obìnrin Ìlàjẹ bá wá, kò sẹ́ni tó lè tún sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá wá, ẹni tó bá ń rọbí á máa jà gùdù nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà Ọbaníkòro.

Àwọn obìnrin yẹn kì í sì í lọ síbi tí Ìyá Ìlàjẹ ò bá lọ. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ja nìyẹn.

Mo bá kọ ìwé tí a máa lẹ̀ káàkiri: A Ó FÒPIN SÍ ÌYÀ ÌLÀJẸ NÍ ỌJỌ́BỌ̀. Mo kà á sétí ìyàwó mi nílé wa ní Fọlá Àgòrò. Ó ní, "Hmm." Mo rò pé ìyìn ni.

Lọ́dọ̀ onítẹ̀wé ní Ṣómólú, ọ̀gá náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. "Tíṣà, àwọn àmì yín ti di àpótí kéékèèké o. Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ wọ́n."

Òjò ti ṣú, ebi sì ń pa mí. "Yọ wọ́n dànù jàre! Ta ni ò gbọ́ Yorùbá ní Bàrígà?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìwé ti wà lára gbogbo ògiri Ìlàjẹ: A O FOPIN SI IYA ILAJE NI OJOBO. N kò tíì mu tíì tán tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi pè mí.

"Tíṣà, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ìyà Ìlàjẹ ni, mà."

"Ìyá Ìlàjẹ ni wọ́n kà. Wọ́n ní a fẹ́ pa ìyá àwọn lọ́la."

Mo ní ká sọ pé ẹgbẹ́ kejì ló tẹ̀ ẹ́.

"Irọ́? Lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀bí? Wọ ṣòkòtò rẹ, ká lọ."

Orí pákó tí wọ́n tò sójú omi la gbà dé ibi tí Ìyá Ìlàjẹ ti ń yan ẹja. Èrò ti pé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jọ ẹni tó ń lọ sódò.

"Àwọn apààyàn ti dé," obìnrin kan wí.

"Èwo? Èyí tó gbẹ bíi pańla yìí? Ta ló fẹ́ pa?" òmíràn dá a lóhùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ mi nírùngbọ̀n. Ìyá Ìlàjẹ ń yí ẹja padà lórí iná, kò gbójú sókè.

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo rí i tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì fẹ́ la ẹnu. Bó bá gbà á sọ́rùn, ó tán fún un ní Ìlàjẹ nìyẹn.

"Èmi ni, mà," mo sọ fún pákó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, mà."

"Tíṣà kí ni?"

Ẹ wò ó, mo rò ó bóyá kí n sọ pé ìṣirò. "Tíṣà Yorùbá, mà."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìyà lo kọ, ta ló sọ fún ẹ pé ìyà ń jẹ wá?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn, láì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹni tó di àjẹ̀ mú yẹn, èmi ni mo gbẹ̀bí fún ìyàwó rẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí yẹn. Òjò sọ ọ̀sán di òkùnkùn, kò síná, ẹ̀yin lẹ di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Yàrá yẹn ni wọ́n fẹ́ máa ta bàtà níbẹ̀."

Iná ń ta páú lábẹ́ ẹja. Màmá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlàjẹ, ó yára débi pé "tíṣà" nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo di ojú.

Ohun kan balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Òkìtì ìwé wa tí wọ́n já lára ògiri ni, pẹ̀lú báírò.

"Dìde," ni Màmá wí. "Fi àmì sí i. Gbogbo rẹ̀, lójú mi."

Títí oòrùn fi wọ̀ ni mò ń fàmì sórí ìyà, èéfín ń bọ́ sí mi lójú. Bí mo bá parí ọ̀kan, Màmá á ní, "Kà á." Màá kà á. Kò sọ fún wa bóyá òun máa wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, a jókòó sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ láàárín àga òfìfo. Alága wo aago, ó wo Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé gíláàsì sójú láti ka ìwé wọn. Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn tó ni ín tó dé.

Akọ̀wé gbé rẹ́jísítà síwájú Màmá. "Orúkọ yín, Màmá?"

"Kọ Ìyá Ìlàjẹ."

Ó kọ ọ́. Màmá fi ìka tí èéfín ti sọ di dúdú tọ́ka sórí ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ti wò mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. "Àmì ibẹ̀ dà? Kí ẹnikẹ́ni má tún kà mí sí ìyà."

Akọ̀wé wo ojú mi. Èmi wo àjà.

Kò sí àga fún gbogbo wọn; àwọn tó gbọ́mọ pọ̀n dúró ti ògiri yí ká. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó ń lo ilé ìgbẹ̀bí náà..." Ọmọ kan ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Alága gbójú sókè, ó wò wọ́n yí ká, ó sì ká ìwé rẹ̀ sápò.