Lẹ́ǹsì Méjì Nínú Ìbọ̀sẹ̀

Òórùn kan wà ní Misfalah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, tí n kò gbọ́ níbòmíràn rí: tùràrí, adìẹ díndín àti kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọ̀ tí kò gbẹ dáadáa, gbogbo rẹ̀ á máa tú jáde pa pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà àwọn òtẹ́ẹ̀lì oní-úmúrà. Ìwọ tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àpò kámẹ́rà mi tóbi bí àpò ìrẹsì, jókòó, kí n sọ ohun tí òórùn yẹn máa ń rán mi létí fún ọ. Ìtàn tó dùn kọ́ o.

Nígbà yẹn, n kì í gbé àpò rárá. Obhur ní Jẹ́ddà ni mò ń gbé, nínú ọgbà tí iléeṣẹ́ wa gbà fún wa. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni wọ́n torí ẹ̀ mú mi wá sí Jẹ́ddà. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà nínú ìkámà mi, ìwé ìgbélùú tó ń sọ irú iṣẹ́ tí àlejò lè ṣe. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, Mẹ́kà ni mò ń lọ, mo ń ya fọ́tò fún àwọn ará ilé wa tó wá ṣe úmúrà. Ẹni tó bá gbé àpò kámẹ́rà ńlá kọ́ èjìká nítòsí mọ́sálásí Hárámù, ó ti fúnra rẹ̀ pe ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Mo wá ń fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ jalàbíà mi. Ó wá ku lẹ́ǹsì méjì yòókù, mo sì wá ẹni tó máa bá mi gbé wọn.

Àlàájà kan tó ń bá wa fọ aṣọ lọ́gbà ni mo mú, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Al-Mahjar, ní Jẹ́ddà kan náà, ló ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, òun àti obìnrin márùn-ún nínú yàrá kan. Ó ti bá úmúrà wá láti ọdún mọ́kànlá, kò padà sílé, kò sì ní ìkámà. Kí n má parọ́ fún ọ, ìdí tí mo fi yàn án gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò ní ìwé, ta ló fẹ́ fẹjọ́ mi sùn fún?

Obìnrin ọ̀hún mọ nǹkan í tọ́jú. Ó wá ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, ó ki lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀kan, ó sì fi ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ dì wọ́n mọ́ ìdí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n má baà máa kan ara wọn. Tó bá ti wọ àbáyà lé e, o ò ní mọ̀ pé ó gbé abẹ́rẹ́. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ǹsì, á kọjú sí ògiri, á fa ọ̀kan yọ, á sì tẹ orúnkún bó ṣe ń fi í lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó yéé kúnlẹ̀ níta, pé àwọn onílẹ̀ ibí kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn. Á ní kí n má bínú, pé orúnkún òun ló ń dá a ṣe.

Lọ́dún yẹn, ìyá rẹ̀ bá àwọn oní-úmúrà kan wá láti Ìsẹ́yìn. Láti ọdún mọ́kànlá, wọn ò tíì fojú kan ara wọn, àfi lórí fóònù. Àwọn oní-úmúrà yẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ yà, mo bá ní kó wọ ọkọ̀ mi ká jọ lọ. Láti Jẹ́ddà títí a fi dé Mẹ́kà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo ní kó rọra o, kó má lọ fi ìjókòó fọ́ lẹ́ǹsì mi.

A dé òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Misfalah lẹ́yìn ìrun àsárì. Orí àjà kẹsàn-án ni ìyá wà. Àlàájà ní òun fẹ́ gòkè lọ bá wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo wo ẹnu lífìtì, àwọn èèyàn ń ti ara wọn bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí àpò lọ́wọ́ mi tí mo lè kó lẹ́ǹsì sí, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ kankan bá wọn lára mi. Mo ní, “Pẹ̀lú lẹ́ǹsì mi nídìí rẹ? Ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ.” Ó fóònù ìyá rẹ̀, ó dúró tì mí lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ń ya fọ́tò mi lọ.

Nígbà tí ìyá jáde, arúgbó tín-ínrín kan tó ń wá ojú kiri, ọmọ rẹ̀ kò tiẹ̀ pariwo. Ó kúnlẹ̀ lórí títáìlì, orúnkún méjèèjì, ó sì forí kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló kó jọ. Bó bá ṣe pé nínú yàrá lókè ló ti ṣe é ni, ta ni ì bá rí i? Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́pàá kan ń kọjá lọ, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sílẹ̀, ó ń bá a wí pé Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Ó bá a wí tán, ó wá bèèrè ìkámà.

Kò sí ìkámà. Ọlọ́pàá náà yíjú sí mi, mi ò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí wọn, ó bi mí bóyá èmi ni mo mú un wá. Mo ní, “Lā,” ìyẹn ni pé rárá. Mo tún fi kún un, pẹ̀lú èdè Lárúbáwá tó já geere, pé n kò rí obìnrin náà rí. Ìdí rẹ̀ tí lẹ́ǹsì wà ni mo sì ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, n kò wo ojú rẹ̀. Bí mo ṣe máa gba lẹ́ǹsì mi kí wọ́n tó gbé e lọ ni mò ń rò.

Àlàájà gbọ́ Lárúbáwá jù mí lọ. Kò wò mí. Ó yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì yọ, ó sì kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Ọlọ́pàá rò pé ìbọ̀sẹ̀ lásán ni. Àlàájà ní, “Ìyá mi, Àlàájì kan ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kó bọ́.” Ọwọ́ tí wọ́n ì bá fi dì mọ́ra, ẹrù mi ni wọ́n fi gbà. Àwọn ọlọ́pàá sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn.

Mo yà sí kọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí mo padà, ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbá ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Ó bi mí pé kí ni mo sọ fún ọlọ́pàá, torí òun rí i pé mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Arúgbó yẹn dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ ṣé, ọmọ mi. Àwọn yòókù ò tiẹ̀ lanu.” Èmi? Mo gba ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yọ lẹ́ǹsì, mo gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń wò bóyá wọ́n ha. Wọn ò ha.

Oṣù mẹ́ta ni Àlàájà lò ní àhámọ́ kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ìyá rẹ̀ kò lè dúró dè é tó bẹ́ẹ̀; wọ́n ti sin ín kó tó dé. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo rò pé èpè ni, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò fi gbọ́ ọ. Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó ní tí òun bá fóònù ìyá òun láti àhámọ́, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi títí ẹ̀mí fi bọ́, pé èmi nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ òun. Ó wá ní, “Mi ò sọ òótọ́ fún wọn o.”

Ó tún bá mi pa àṣírí yẹn mọ́, bó ṣe ń bá mi tọ́jú lẹ́ǹsì. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ra àpò tí ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí. Ìyá yẹn súre fún mi títí tó fi kú, n kò sì mọ ẹni tí mo lè dá ìre yẹn padà fún.