Ajá Bàbá Mi Tó Ń Gbọ́ Yorùbá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sharjah, kò sí oorun àsùntẹ́rùn fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màmá á ti fi àkàrà gbígbóná há inú búrẹ́dì, èmi àti Bàbá á sì wọ ọkọ̀ tó fi ń kó ẹrù kiri ní Dubai Investments Park. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nínú àwọn ilé gogoro Al Taawun, mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń sùn nígbà yẹn. Àwa ń lọ wo eré ajá.

Lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí àdúgbò ilé iṣẹ́ náà, iyanrìn gbalasa wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin sàlúkì ti ń pàdé. Sàlúkì ni ajá gbọ̀ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣọdẹ láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Nígbà tí ìjọba ti fòfin de ọdẹ, ẹgbẹ́ yìí máa ń so náílọ̀nù funfun mọ́ okùn, ẹ́ńjìnnì kékeré á fà á lọ fìà, ajá á rò pé ehoro ni, á sì gbá tẹ̀ lé e. Bàbá mi ló ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Bàbá Sálímù, àgbàlagbà Lárúbáwá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, fún un ní ọmọ ajá kan fi dúpẹ́. Bàbá sọ ọ́ ní Sùúrù, bẹ́ẹ̀ ajá náà kò ní sùúrù rárá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa ẹ̀gún àti òkúta kúrò lójú ọ̀nà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún ajá kan pẹ́nrẹ́n, mo gbé! Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni n ó kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ mi lókè, iyanrìn á máa gbóná lábẹ́ orúnkún mi, àwọn àgbà á máa mu tíì oníwàrà wọn tí wọ́n ń pè ní karak. Sùúrù á wá máa lá mi létí. Tí Màmá bá gbọ́ ọ nílé, ó di kí n wẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ẹní ìkírun. Bàbá Sálímù sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé sàlúkì kì í ṣe ajá lásán, pé inú àgọ́ àwọn ló ń sùn. Màmá ní, “Inú àgọ́ yín nìyẹn, Alhaji. Kì í ṣe inú pálọ̀ mi.”

Yorùbá ni Bàbá fi kọ́ Sùúrù. Àwọn yòókù á kígbe “Yalla!” lédè Lárúbáwá kó lè sáré, Sùúrù á kàn máa wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ya wèrè. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní “Ó yá!”, ó ti lọ nìyẹn. “Ó tó!” ló sì ń dá a dúró. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ẹ fi í sílẹ̀!”

Nígbà tó yá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n fagi lé visa wa. A kò lè mú ajá lọ sílé l’Ékòó, Bàbá bá fà á lé Bàbá Sálímù lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, “Ó yá” àti “Ó tó”, bàbá arúgbó náà sì ń pè é tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Mo sunkún dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́lé sórí iyanrìn náà, ẹgbẹ́ sì tú ká.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ló dá èmi náà padà síbí, sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ pé wọ́n ti tún ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀, mo bá lọ. Mi ò retí láti bá Sùúrù láàyè, ajá kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ọmọ Bàbá Sálímù ló dá mi lóhùn. Ó ní bàbá àwọn ti kú ní kété tí a lọ. Mo bi í nípa Sùúrù.

“Ajá yẹn dití, sister. A ní yalla, yalla, kò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sínú aṣálẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Khalas, ó parí.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó tilẹ̀ bu tíì fún mi. Sùúrù kò dití rárá. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n sọ mọ́, àwa tá a kọ́ ọ sì wà l’Ékòó.

Bàbá ti wà lórí àìsàn báyìí, kò mọ ọdún tó ti kọjá mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á pè mí lórí fóònù: “Ṣé Sùúrù ṣì ń gbọ́ Yorùbá?” Èmi náà á ní, “Ó ń gbọ́, Bàbá.”

Láyé ọjọ́un, ẹ́ńjìnnì wa máa ń wúkọ́ bí arúgbó, èmi ni mo sì ń fọwọ́ ṣa ẹ̀gún. Lónìí, rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹn, kí n tó máa bọ̀, mo lọ dúró síbi tí àwọn ajá ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Mo ní, “Ó yá.” Kò sí èyí tó yíjú wò mí nínú wọn.